Ìwé Tí O Ń Kọ Sábẹ́ Ètò Rẹ Kò Ṣeé Kà

Ọmọ mi, Sọ̀rọ̀-má-sinmi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìlú ńlá, mo sì kí ọ kú ọ̀rọ̀ sísọ, nítorí ìyẹn ni wọ́n ní o fi ń jẹun báyìí. Kí ìwé yìí bá ọ ní ìjókòó, kó má bá ọ ní ìdùbúlẹ̀. Kí ẹni tó ń fi ibi wá ọ má mọ ilé rẹ, kí ẹni tó ń fi ire wá ọ má ṣìnà. Ara èmi le, àfi orúnkún òsì tó máa ń sọ fún mi pé òjò ń bọ̀ kí òjò fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ti ń jò, a gbé korobá sábẹ́ rẹ̀, korobá náà ti ń jò. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn ti jẹ etí kàlẹ́ńdà mi, nítorí náà bí o kò bá rí ọjọ́ lórí ìwé yìí, ewúrẹ́ ni kí o bi. Ara ìyá rẹ le, ó ń kí ọ, ó ní kí n má fi ìbínú kọ̀wé. Kíkí ni mo lè ṣe, mo ti kí ọ. Èyí tó kù ni mi ò lè ṣe.

Inú ń bí mi, ọmọ yìí. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí inú ti ń bí mi, mo ní kí n jẹ́ kó rọlẹ̀ kí n tó mú bírò, kò rọlẹ̀, ìgbà tí mo rí i pé kò ní rọlẹ̀ ni mo ní kí ìyá rẹ bá mi wá ìwé tó nílà. Ọ̀rọ̀ ètò rẹ ni, ètò orí fóònù tí ẹ ń pè ní pọ́díkáàsì. Kì í ṣe èyí tí o ń fi ẹnu sọ o, mi ò mọ bí ìyẹn ṣe rí. Èyí tí o ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ni.

Ìwọ náà mọ̀ pé ó di ọdún mẹ́sàn-án tí etí mi ti di. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró ti ayùn ńlá níbi tí a ti ń la gẹdú, ayùn ń ké, èmi náà ń ké mọ́ ọn, nígbà tó yá èmi nìkan ni mo rò pé ó ti dákẹ́. Láti ìgbà náà, ojú ni mo fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Síléètì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni ìyá rẹ fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bí kò bá sí ṣọ́ọ̀kì nílé, kò sí ẹjọ́ nílé.

Nígbà tí o wá bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, tí o ní o fẹ́ máa fọ̀rọ̀ wá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́nu wò, ìyá rẹ a gbé fóònù sétí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, a jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, a máa mi orí, lọ́jọ́ kan mo rí i tó fi etí aṣọ nu ojú. Mo dúró kó parí. Wákàtí kan gbáko. Ó mú síléètì, ó kọ ọ́ pé: Ó dára púpọ̀. Mo ní kí ló dára? Ó kọ ọ́ pé: Ètò náà. Mo bi í pé ṣé ọ̀rọ̀ wákàtí kan ló di ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, ó ní ṣọ́ọ̀kì ti fẹ́ tán. Ṣé bí ẹni tó jẹun tán ṣe ń sọ fún ẹni ebi ń pa nìyẹn?

Mo ní kò burú, èmi náà á kà á. Tíṣà tó ń gbé ọ̀kánkán wa, èyí tó ti fẹ̀yìn tì, ló fi hàn mí pé o máa ń kọ ohun tó wà nínú ètò kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí kò ráyè gbọ́ lè kà á. Inú mi dùn. Mo ní, ọmọ mi rántí mi. Mo ra awò tí ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá, mo nu fóònù, mo jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo kà.

Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo kà? Fóòmù!

Àwọn tó ń ta fóòmù tí a ń sùn lé lórí. Wọ́n ní àwọn ló gbé ètò yìí wá fún wa, wọ́n ní fóòmù àwọn nípọn, kì í tẹ̀, wọ́n ní ká gbé e lọ sílé ká sùn ún wò fún ọgọ́rùn-ún òru, bí ẹ̀yìn bá ṣì ń dùn wá ká gbé e padà. Lábẹ́ rẹ̀, fóònù kọ ọ́ pé: Ka sí i.

Ẹni tó ta fóònù fún wa ti yí i sí èdè wa, ohun tó bá sọ ló ń yé mi. Ó ní kí n ka sí i, mo kà á sí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ń sọ pé kí n ka sí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Èmi kì í ṣe aláìgbọràn, àìgbọ́ ló ń ṣe mí. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, fóòmù, ka sí i. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, fóòmù, ka sí i. Oṣù mẹ́rin, ọmọ yìí! Mo ti mọ̀ ọ́n sórí bí ọmọ iléèwé ṣe ń mọ ìsọdipúpọ̀, mo mọ bó ṣe nípọn tó, mo mọ iye òru tí a fi ń dán an wò, ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí ọmọ mi ń sọ.

Kí ni kí bàbá tó bá ka irú èyí fún oṣù mẹ́rin rò? Mo rò pé fóòmù lo ń tà. Mo ní ọmọ tí mo rán níwèé ti di ògidì oní-fóòmù, ojú ló ń tì í láti sọ fún wa. Mi ò bínú nígbà yẹn, iṣẹ́ kì í ṣe àbùkù. Mo tilẹ̀ ń bá ọ polówó. Mo sọ fún káfíńtà ìkóríta pé bó bá kan bẹ́ẹ̀dì kó wá bá mi, pé mo mọ ẹni tí fóòmù rẹ̀ kì í tẹ̀. Ó ní kí o bá òun wá méjì, oní-ínṣì mẹ́fà. Ó ṣì ń retí ẹ. Ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ ni mo ń gbà jáde báyìí kí n má bàa pàdé rẹ̀, èmi àgbàlagbà tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, omi ló ta sójú fóònù. Mo fi etí ẹ̀wù nù ún, àtàǹpàkò mi kan Ka sí i, ni gbogbo rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ wàà, bí àpò tó já nídìí. Mo fò dìde. Àṣé ilẹ̀kùn ni! Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń kí ilẹ̀kùn, tí mò ń kí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin-lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí mi ò wọlé! Ta ló ń kọ Ka sí i sára ilẹ̀kùn? Kí ló dé tí wọn ò kọ Ṣí i?

Mo wọlé. Kàkà kó sàn, ó burú sí i.

Ọmọ mi, kí lo dà síbẹ̀? Kò síbi tí ojú lè jókòó sí. Kò sí ìpínrọ̀, kò sí àlàfo, kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àmì ìdánudúró méjì péré ni mo rí nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n dúró bí àlejò tó ṣi ilé wọ̀. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ki bí irun àgùntàn. Mo ń fi ìka tẹ̀lé e kí n má bàa sọnù, bí mo bá fi lè gbé ojú sókè kí n mí, ó parí, mi ò ní rí ibi tí mo dé mọ́, orí fóòmù ni màá tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ, tó jẹ́ ìwé mẹ́fà ló kà, bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan ló ń kọ lẹ́ẹ̀kan, gàdàgbà-gadagba, á jẹ́ kí n kà á tán, á nù ún, á wá kọ òmíràn. Mi ò ṣi ìyá rẹ kà rí. Ìwọ tí o kàwé títí tí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílé ìtàwé, ìwọ lo kọ ohun tí bàbá rẹ kò lè kà.

Àwọn nǹkan tí o wá ń pàṣẹ níbẹ̀ ńkọ́? O ní ká tẹ aago ká lè máa gbọ́ ẹ. Mo wo ilé yíká, aago kan ṣoṣo tí a ní ni èyí tí wọ́n kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo lọ tẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ sáré jáde láti wo àlejò. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́, mo sì fi fóònù sétí, nítorí pé ìwọ lo sọ ọ́. Dókítà mẹ́ta ti sọ pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe, mo ní bóyá ọmọ mi ti mọ nǹkan tí wọn ò mọ̀. O tún ní ká fún ẹ ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mo fi pẹ́ńsù yà á, ó wà nínú àpòòwé yìí, ìkarùn-ún wọ́ díẹ̀, tábìlì ló ń mì. O ní ká tẹ̀ lé ẹ. Mo fọ bàtà, mo wá ibi tí o ti sọ ibi tí ò ń lọ, mi ò rí i.

O wá to aago lé aago. Òdo-òdo, ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí là ń pè níṣẹ́. Méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, bàbá mi. Bí mo ṣe rí bàbá mi yìí, ayọ̀ kún inú mi, mo mọ̀ pé o ti dá àkókò fún mi. Lọ́jọ́ kejì mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ gba owó ìfẹ̀yìntì, mo jókòó ti fóònù láti aago méjìlá. Ó di ogójì ìṣẹ́jú, mo tún ìjókòó ṣe. Kò sẹ́ni tó yọjú. Ó di aago kan, ó di aago méjì, ìyá rẹ kọ ọ́ sí síléètì pé ta ni mò ń retí, mo ní ọmọ rẹ ni, ó dá àkókò, kò wá. Bí a bá sì ní ká fi tèmi sílẹ̀, ti obìnrin tó ń rán bàtà ńkọ́, èyí tí o dá aago mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún fún? Aago wo láyé yìí ló ń lù ní ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n? Mo káàánú obìnrin náà. Mo ní ó ṣeé ṣe kó ṣì wà níbi tó jókòó sí, pẹ̀lú awọ lórí itan, kó máa retí kí ojúmọ́ gùn sí i.

Gbogbo èyí, eré ni. Ibi tó dùn mí dé eegun ni mò ń bọ̀ yìí, wá àga kí o tó kà á.

Láàárín òkìtì ọ̀rọ̀ náà, lẹ́yìn fóòmù, lẹ́yìn aago, mo rí i tí o kọ ọ́ pé: ariwo ero lo di eti baba mi. Mo ní ariwo èrò wo? Ìgbà wo ni mo ṣe agbèrò níbùdókọ̀ tí ariwo èrò fi di mí létí? Mo gbójú fò ó. Ìlà kejì rẹ̀ ni mi ò lè gbójú fò. O kọ ọ́ pé: oogun baba mi ni mo n je titi di oni.

Mo kà á. Mo sún awò mọ́ ọn, mo tún kà á. Ọmọ mi ní oògùn bàbá òun ni òun ń jẹ títí di òní.

Ó yẹ kó o mọ ohun tó wà nílẹ̀ kí n tó ka ìlà yẹn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, àwọn oníkóró funfun tí mò ń lò láràárọ̀, ó ti tó oṣù méjì tí kì í pé mọ́. Èyí tó yẹ kó gbé mi dé ìparí oṣù, oṣù kì í parí tó fi ń tán. Mo ti lọ bá apòògùn jà pé kò mọ̀ọ́kà. Mo ti dẹ pańpẹ́ fún eku, eku ò kó sí i, ìka ẹsẹ̀ ìyá rẹ ló kó sí i. Ibi tí mo ti ń wá olè kiri nìyẹn, tí mo fi rí ọmọ bíbí inú mi tó jẹ́wọ́ fún gbogbo ayé lórí fóònù. Mo rántí pé ìwọ lo máa ń bu omi tí mo fi ń lo oògùn wá fún mi bí o bá wálé. Mo rántí pé àpò rẹ kì í wúwo bí o bá ń bọ̀, bí o bá ń lọ ló ń wúwo. Bí mo ṣe ń bínú ni ẹ̀rù ń bà mí, mo ní kí ló ń ṣe ọmọ yìí tó fi ń lo oògùn arúgbó? Àìsàn wo ló ń gbé pamọ́ fún wa?

Ohun tó wà nínú mi nìyẹn nígbà tí o wálé níparí oṣù tó kọjá. Ó yẹ kó o mọ̀, nítorí o bi mí, mi ò dáhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí o dé, o bu omi, o na ọwọ́ sí ìgò oògùn lórí tábìlì láti bá mi ṣí i, mo já a gbà. Mo rí ojú rẹ. Láti ìgbà náà, àpò ẹ̀wù iṣẹ́ mi àtijọ́, èyí tí mo máa ń wọ̀ ní òwúrọ̀ tútù, ni mo ń gbé ìgò náà sí, mo wọ ẹ̀wù tó nípọn yẹn lójú oòrùn ọ̀sán, o bi ìyá rẹ bóyá òtútù ló mú mi. O mú síléètì, o kọ ọ́ pé: Bàbá mi, kí ni mo ṣe? Ìkọ̀wé rẹ mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ní àmì. Mo kà á, mo kọjú sí ògiri. Nígbà tí o fẹ́ máa lọ, mo ní kí Ọlọ́run sìn ọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbé ọwọ́ lé ọ lórí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ìyá rẹ kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ìwọ ò mọ bí ìyẹn ṣe ń rí fún adití. Síléètì mọ́ tónítóní lára ògiri láti òwúrọ̀ di alẹ́, mo ń yọjú wò ó bí ẹni ń retí lẹ́tà. Lọ́jọ́ karùn-ún ó kọ ọ́ pé: Ọmọ mi sunkún dé ibùdókọ̀. Sọ ohun tó ṣe. Mo gbé fóònù fún un, mo nawọ́ sí ìlà náà. Ó kà á, ó wò mí, ó tún un kà, ó di ọwọ́ mi mú bí ẹni mú olè, ó di ọ̀dọ̀ Tíṣà.

Tíṣà wo fóònù títí, ó ní ojú òun ò lè bá a jà bẹ́ẹ̀. Ó kó wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin tó ń tẹ̀wé, obìnrin náà tẹ̀ ẹ́ jáde, ojú ewé méjì, dúdú kirikiri. Orí káńtà rẹ̀ ni Tíṣà ti mú bírò pupa jáde. Mo wò ó bó ṣe ń fi àmì sí i, ó ń mi orí, ó ń fẹ imú, bí ìgbà tí wọ́n ṣì ń sanwó fún un láti máa bínú. Ibi tó yẹ kí gbólóhùn parí sí, ó dá a dúró. Ibi tí ọ̀rọ̀ mìíràn bá ti bẹ̀rẹ̀, ó fa ìlà. Obìnrin onítẹ̀wé náà fi oníbàárà méjì sílẹ̀, ó mú síṣọ́ọ̀sì, ó ń gé e níbi tí Tíṣà fa ìlà sí, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé mìíràn, ó ń fi àyè sílẹ̀ láàárín. Ó to àwọn aago rẹ sísàlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà yẹn ni Tíṣà tó kọ ọ́ fún mi pé ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ nínú ètò ni, kì í ṣe aago ojúmọ́. Ọkàn mi balẹ̀ nípa obìnrin oníbàtà.

Lẹ́yìn náà ni Tíṣà dé orí ìlà mi. Ó dúró. Ó wojú ìyá rẹ, ó wojú mi. Ó rọra fi àmì sórí lẹ́tà náà, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, ó yí ìwé náà sí mi.

Òógùn bàbá mi ni mo ń jẹ títí di òní.

Òógùn! Kì í ṣe oògùn. Òógùn ojú mi ni o ní o ń jẹ. Èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ náà wá là: Ariwo ẹ̀rọ ló di etí bàbá mi. Èyí tó tẹ̀ lé e, tí mi ò tíì kà dé rí nítorí ìbínú, Tíṣà fi àmì sí i, ó nawọ́ sí i: Nígbàkúùgbà tí ẹ bá gbọ́ ohùn mi, etí rẹ̀ ló fi san owó rẹ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Ìyá rẹ bèèrè kí ló dé, mo ní eruku igi ló kó sí mi lójú. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti kúrò nídìí ayùn.

Nígbà tí a délé, ìyá rẹ gba ẹ̀wù iṣẹ́ náà láti fọ̀ ọ́. Àpò rẹ̀ ti lu. Mọ́kàndínlógún nínú oògùn mi ló wà nísàlẹ̀, láàárín aṣọ òde àti aṣọ inú, àwọn tí mo máa ń ki bọ àpò láàárọ̀ pé ó dìgbà tí mo bá jẹun, tí màá gbàgbé, tí màá tún lọ mú òmíràn. Ó tò wọ́n sórí síléètì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti lọ bẹ apòògùn. Ìka ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti ń sàn.

Nítorí náà, ọmọ mi, má ṣe jẹ́ kí ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn gbé inú rẹ sùn. Mo ṣì ọ́ kà. Ìre tí mi ò sú fún ọ lẹ́nu ọ̀nà, mo sú u báyìí, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé ọ lórí, kò sí ibi tí o wà tí wọn kò dé. Mo kọsẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló gbẹ́ kòtò sójú ọ̀nà? Ìwọ ni!

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀! Ọ̀rọ̀ tí bàbá mìíràn ń retí títí tó fi kú tí kò gbọ́, ìwọ sọ ọ́, o sì gbé e sábẹ́ fóòmù! O gbé e sẹ́yìn aago, sẹ́yìn ìràwọ̀, láìsí àmì, láìsí àyè, bí ẹni tó fi wúrà wé ìdọ̀tí tó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ pé mo kú láàárín oṣù mẹ́rin yẹn ńkọ́? Màá kú gẹ́gẹ́ bíi bàbá oní-fóòmù.

Níbi iṣẹ́ wa, bí a bá la gẹdú tán, a kì í to pákó lé ara wọn gbágbá. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ là ń tẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á hu olú, wọn á lọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á ní a fi àyè ṣòfò. Gẹdú odindi lo gbé fún mi, ọmọ mi, mo ní kí o là á. Ohun tí ètò ọjọ́ náà dá lé, kọ ọ́ ṣáájú, ní gbólóhùn kan tí ìyá rẹ lè kọ sórí síléètì. Ẹni tó bá wá bá ọ sọ̀rọ̀, sọ ẹni tó jẹ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Tún ìlà bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá yí. Kọ ọ́ sórí àwọn aago yẹn pé ìṣẹ́jú ni, kí bàbá ẹlòmíràn má wẹ̀ dè ọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù tí o kọ síbẹ̀, tẹ ibí, tẹ ibí, mo tẹ mọ́kànlá nínú wọn, ọ̀kan gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn oní-fóòmù, ọ̀kan ń bi mí lórúkọ ìyá mi. Sọ ibi tí ilẹ̀kùn ń lọ kí o tó ní ká ṣí i. Mi ò ní kí o lé àwọn oní-fóòmù jáde, ẹni tó ń fúnni lóúnjẹ, a kì í lé e, ṣùgbọ́n a kì í gbé e jókòó sórí bàbá ẹni. Ìsàlẹ̀ ni kí o fi wọ́n sí, kí o kí wọn dáadáa níbẹ̀. Ní ti àmì ohùn, má bá mi jiyàn pé fóònù rẹ kò ní in. Tíṣà ní ó ní in, ó ní bí o bá tẹ lẹ́tà náà mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, á yọ jáde. Ọmọ tó ní sùúrù láti bá oníbàtà sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, kó ní sùúrù láti tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Obìnrin onítẹ̀wé náà kò gbowó lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní ìlà etí yẹn pa òun lẹ́kún, ṣùgbọ́n kò lè máa sunkún lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Fi nǹkan ránṣẹ́ tí a ó fi máa tẹ̀ ẹ́ jáde lóṣooṣù, kí o fi ti ṣọ́ọ̀kì kún un, páálí ńlá ni kí o san owó rẹ̀, kí ìyá rẹ má tún rí àwáwí. Fi ti páànù òrùlé náà sí i, àti ti korobá. Bá àwọn oní-fóòmù rẹ sọ̀rọ̀, kí wọ́n fún wa ní méjì, oní-ínṣì mẹ́fà, ní iye tí ojú káfíńtà lè gbà, kí n lè máa gba ojú ọ̀nà lọ bí ọmọ ènìyàn.

Ohun kan tó kù kì í ṣe owó. Ìyá rẹ sọ fún mi pé àwọn ibì kan wà nínú ètò náà tí o ti ń rẹ́rìn-ín gan-an, tí kò sí nínú ìwé abẹ́ rẹ̀ rárá. Nígbà tí etí mi di, iléèwé gírámà lo ṣì wà, ẹ̀rín ọmọdé ni mo mọ̀ sí ọ lẹ́nu, mi ò mọ ti àgbà. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, ibi tí o bá ti rẹ́rìn-ín, kọ ìṣẹ́jú rẹ̀, kí o kọ ọ́ síbẹ̀ pé o rẹ́rìn-ín. Bí ìyá rẹ bá ń gbọ́ ọ, màá jókòó tì í pẹ̀lú ìwé mi, á fọwọ́ kàn mí léjìká bó bá débẹ̀, èmi náà á sì rín in.

Kí ohùn rẹ má há. Kí ọ̀rọ̀ rẹ máa rí etí tí á gbà á, èyí tí kò bá rí etí, kó rí ojú. Kí àwọn tó ń gbà ọ́ síṣẹ́ má sú ọ, kí ìwọ náà má sú wọn. Bí o ti ń gbé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ga, kí a máa bá ọ níbi gíga.

Èmi ni bàbá rẹ tí inú ń bí.